Lẹ́búlẹ́bú Láti Ilé Àna

Arao, Kumamoto
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá, 1967

Bàbá mi,

Mo forí balẹ̀ kí yín. Ṣé ara yín le? Ṣé èjìká ọ̀tún yín ti gbà yín láyè díẹ̀? Mo kí ìyá mi, mo kí gbogbo ilé, mo sì kí àwọn igi.

Èyí ni lẹ́tà kẹrin tí mo máa kọ látìgbà tí mo ti fẹ́ Kinuyo, ẹ kò sì tíì fèsì ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Mo fi orúkọ Ikuta sílẹ̀, mo gba orúkọ ilé ìyàwó mi, mo di Matsunaga, mo wá ń gbé abẹ́ òrùlé àna mi. Obìnrin nìkan ni wọ́n bí nílé yìí, wọ́n sì ń wá ọkùnrin tí yóò jogún oko èso náṣì wọn. Ẹ̀gbọ́n mi Kiichi ló yẹ kó jogún tiyín, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ní Osaka ti gbà á, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ oko sí òun létí. Èmi ni ẹ rò pé yóò dúró tì yín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Síbẹ̀, ọdún méjì rèé tí a ti ṣe ìgbéyàwó tí ẹ kò wá, ọdún méjì sì pọ̀ fún ìbínú.

Mo fi àpótí náṣì kan ránṣẹ́ sí yín. Niitaka ni wọ́n ń pè é. Ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé lójú yín, náṣì tí awọ rẹ̀ kò bá rí bí ewé tútù, bíi ti Nijisseiki wa, kì í ṣe náṣì rárá. Èyí pupa rúsúrúsú, ó sì tóbi débi pé ẹyọ kan là ń gé fún èèyàn márùn-ún nílé yìí. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kànga láàárọ̀, kí ẹ bó o lọ́sàn-án. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí omi rẹ̀ máa ń ṣàn dé ìgúnpá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ wá wo èmi fúnra mi. Bàbá Matsunaga ní kí n sọ fún yín pé yàrá tó kọjú sí òkun wà nílẹ̀ fún yín nígbàkúùgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Mitsugu


Togo, Tottori
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, 1967

Sí Ikuta Mitsugu,

A wà. Èjìká mi ṣì wà lára mi, ìyẹn náà tó ọpẹ́.

Àpótí rẹ dé. Mo ṣí i, mo rò pé elégédé lo fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé èso ni. Mo ti ń gbin Nijisseiki fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, mi ò sì lè fi ọjọ́ ogbó mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tó tó orí ọmọ tuntun. Náṣì gidi, bí eyín bá ti kàn án, á fọ́, á di omi, kíkan díẹ̀ á sì wà nítòsí ọkàn rẹ̀ tí yóò sọ fún ọ pé o ti jẹ ẹ́ tó. Tiyín, dídùn ṣáá ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹnu oníbàárà tó fẹ́ gba àwìn. Nítorí náà, mi ò tọ́ ọ wò. Mo fún àwọn ará ilé Nakai aládùúgbò wa ní mẹ́ta, mo sì gbé ọ̀kan sórí pẹpẹ fún bàbá ńlá rẹ. Òkú ni, ó lè jẹ ohun tó bá wù ú.

O ní kí n wá. Mi ò ní wá. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, pé kí èèyàn wọ ọkọ̀ lọ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nílé ọkọ? Bí àwọn èèyàn bá béèrè ibi tí mò ń lọ nínú ọkọ̀ ojú irin, kí ni kí n sọ fún wọn?

Èso tọdún yìí dára. Ìjì gbé díẹ̀ lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka. Bo ara rẹ dáadáa nígbà òtútù.

Bàbá rẹ,
Tokuji

Mitsugu, èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ èyí sísàlẹ̀. Bàbá rẹ ti lọ wá òǹtẹ̀ lẹ́tà. Ó ní òun ò tọ́ èso rẹ wò. Ta ló wá sọ fún un pé dídùn ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Èyí tó wà lórí pẹpẹ, wọ́n ti gé e láti ẹ̀yìn níbi tí ojú kò tó. Èmi kọ́ ni mo gé e. Bàbá ńlá rẹ kò sì ní eyín kankan lẹ́nu kó tó kú.


Arao
Ogúnjọ́ oṣù Kìíní, 1968

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ kú òtútù pẹ̀lú, mo gbọ́ pé yìnyín bo ọ̀nà lọ́dọ̀ yín.

Lẹ́tà yín mú inú mi dùn ju bí ẹ ti rò lọ, àní pẹ̀lú èébú inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ lọ́nà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kọ Ikuta sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí Ikuta kan ṣoṣo ní gbogbo àdúgbò wa. Ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ fara jọ ọ́, ó lọ sí ilé ọlọ́tí, ó sùn ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kó tó di pé agbélẹ́tà kan ní, “Ṣé kì í ṣe ọkọ Kinuyo ni?” Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ kọ Matsunaga. Lẹ́tà kàn fẹ́ mọ ilé tó ń lọ ni.

Ẹ pe náṣì wa ní elégédé. Ó dáa. Ṣé mo lè rán yín létí pé ẹ̀bá ààtàn ni wọ́n ti rí igi Nijisseiki àkọ́kọ́? Ìgbà tó wá di olówó tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀wù bébà fún èso rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kékeré lákọ̀ọ́kọ́, ńlá tẹ̀ lé e, kí àìsàn dúdú má baà bà á lára jẹ́. Mo rántí bí mo ti ń so ẹ̀wù náà mọ́ èso lẹ́yọ lẹ́yọ títí ọrùn mi fi gan. Tiwa níbí ń rìn níhòòhò nínú òjò àti oòrùn, kò sì sóhun tó ṣe é.

Lọ́jọ́ ọdún tuntun, Imamura la jẹ. Ẹ mọ̀ ọ́n, náṣì tó rí bí ìkòkò kékeré, tó máa ń le koko tí a bá já a. Oṣù Kọkànlá ni Bàbá Matsunaga rì í sínú èèpo ìrẹsì, ó sì ti rọ̀ wẹ́rẹ́ báyìí. Aládùúgbò wa sì ti gbin Kosui, irú tuntun yẹn tó ń gbó kí gbogbo àwọn yòókù tó gbó. Ẹyọ kan péré ló fún mi jẹ lóṣù Kẹjọ. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n mo ronú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Igi náṣì Chojuro tó wà lẹ́bàá kànga, tí ẹ gbìn lọ́dún tí wọ́n bí mi, ẹ bá mi gé ẹ̀ka mẹ́ta lára rẹ̀ kí èéhù tó yọ. Ẹ wé e sínú bébà tútù kí ẹ fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ so ó mọ́ ara igi kan níbí kí wọ́n jọ dàgbà. Mo mọ̀ pé ọjà kò fẹ́ Chojuro mọ́, ó le, awọ rẹ̀ sì há. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi, nígbà tí mi ò tíì ga tó wáyà tí ẹ̀ka ń tẹ́ lé, pé Nijisseiki kò lè fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó ara rẹ̀ so èso, lẹ́búlẹ́bú Chojuro yẹn la fi ń kàn án. Ẹ ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Igi yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú oko yín. Bí mo bá ní ẹ̀ka rẹ̀ níbí, á dà bíi pé ilé kò jìnnà.

Mo ń retí yín.

Mitsugu


Arao
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 1968

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ tí mo ti béèrè ẹ̀ka. Èéhù ti ń wú lára igi wa níbí. Bí ẹ kò bá fẹ́ fún mi, ẹ sọ pé ẹ kò fún mi, ara mi á balẹ̀. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kí n máa ya lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí ọ̀gá ibẹ̀ máa mi orí kí n tó sọ̀rọ̀.

Ṣé ara yín kò yá ni? Ìyá mi, bí ẹ bá rí lẹ́tà yìí kí Bàbá tó rí i, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi.

Mitsugu


Togo
Ogúnjọ́ oṣù Kẹta, 1968

Sí Ikuta Mitsugu,

Ara mi yá. Ìyá rẹ yá.

Ẹ̀ka tí o béèrè kò ní ṣeé ṣe. Igi yẹn kò sí ní ipò tí ẹnikẹ́ni lè gé nǹkan lára rẹ̀. Má béèrè mọ́.

A ti gé ẹ̀ka gbogbo tán, a ti so wọ́n mọ́ wáyà. Mo yí wáyà ìhà àríwá padà nítorí ìpẹtà. Mo fi òróró sí ayùn. Tomeno ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ láti Osaka lóṣù tó ń bọ̀ láti bá wa fi ìyẹ́ ẹyẹ fọ́n lẹ́búlẹ́bú sórí òdòdó, kí èjìká mi lè sinmi díẹ̀. O mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin péré ni òdòdó máa ń dúró de èèyàn. Lẹ́búlẹ́bú tí a máa lò kì í ṣe ìṣòro. Èyí tí mo kó lọ́dún tó kọjá wà nílẹ̀, gbígbẹ kanrin, nínú agolo tíì, nínú fìríìjì tuntun tí ìyá rẹ fi ń fọ́nnu káàkiri abúlé. Ó tó oko wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò nílò ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Máa ṣe dáadáa.

Tokuji

Bàbá rẹ ní mi ò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan sísàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nítorí náà mo kàn kí ọ ni. Ìyá rẹ.


WÁYÀ ILÉ ÌFÌWÉRÁNṢẸ́
Togo, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin, 1968

SÍ MATSUNAGA MITSUGU, ARAO. LẸ́BÚLẸ́BÚ TI TÁN. A JẸ Ẹ́. ÌRÌ DÍDÌ PA CHOJURO GBOGBO ABÚLÉ. NIJISSEIKI Á LÀ LỌ́JỌ́ MẸ́RIN SÍ I. RÀN MÍ LỌ́WỌ́. BÀBÁ.


Arao
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin, 1968

Bàbá mi,

Ẹ kú làálàá, ẹ kú ìpayà. Wáyà yín dé lánàá ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹni tó gbé e wá kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rí orúkọ tí ẹ kọ sórí rẹ̀, mo jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí mi, mo sì ka orúkọ yẹn nìkan lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè ka ìyókù.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Agolo tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí kún. Lẹ́búlẹ́bú Imamura ni. Ilẹ̀ wa máa ń móoru ṣáájú tiyín, òdòdó rẹ̀ ti là níbí láti ọjọ́ kìíní oṣù, a sì máa ń kó o dáadáa, nítorí Niitaka wa yìí, bó ṣe tóbi tó nì, òdòdó rẹ̀ kò ní lẹ́búlẹ́bú kankan tó wúlò. Òun náà ń tọrọ ni. A ti ṣe tiwa tán. Nígbà tí mo ka wáyà sókè fún Bàbá Matsunaga, mo rò pé á rẹ́rìn-ín, tàbí kó rán mi létí elégédé, nítorí Kinuyo ti ka lẹ́tà yẹn fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé agolo wò, ó ní, “Ṣé èyí á tó wọn?” Mo ní bóyá ni. Ó wọ bàtà, ó lọ tọrọ sí i nílé méjì, ó sì padà dé pẹ̀lú èyí tó wà nínú ìgò oògùn kékeré yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló dì í.

Ẹ jẹ́ kó wà níbi gbígbẹ. Ẹ má ṣí i títí òdòdó yóò fi là.

Nǹkan méjì ló rú mi lójú. Àkọ́kọ́, ẹ ní ẹ jẹ ẹ́. Ta ló jẹ ẹ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ lẹ́búlẹ́bú òdòdó? Èkejì, ìrì dídì kò ba Chojuro ẹ̀bá kànga jẹ́ rí, ògiri ilé ń bò ó. Bí ti gbogbo abúlé bá kú, tiwa á ṣì là. Kí ló dé tí ẹ kò ká òdòdó rẹ̀?

Kinuyo kí yín. Ó ní kí ẹ má jẹ èyí.

Mitsugu


Togo
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹrin, 1968

Mitsugu, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ilé Matsunaga. Agolo dé ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá. Òdòdó là ní ọ̀sán ọjọ́ kejì rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi, ìyá rẹ àti Tomeno fi na ọwọ́ sókè lábẹ́ wáyà, tí à ń fi ìyẹ́ kan òdòdó lẹ́yọ lẹ́yọ. Èjìká mi ń ké, mo ń dá a lóhùn. A ṣe gbogbo rẹ̀ tán, àní ìhà àríwá, ó sì kù díẹ̀ nínú ìgò oògùn. Mo gbé ìyẹn fún Nakai, nítorí tirẹ̀ kò tó o. Lánàá mo rí i pé ìdí àwọn òdòdó ti ń wú. Wọ́n ti gbà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn. O mọ Tomeno, kò lè jókòó. Ọjọ́ kejì tó dé, ó ní, “Tokuji, ilé yìí kò ní nǹkan dídùn kankan. Báwo lẹ ṣe ń gbé ayé?” Ó se ìrẹsì, ó gún un, ó gé e róbótó róbótó, ó wá ń wá ìyẹ̀fun sóyà yíyan tí yóò fi wọ́n ọn. Ó ṣí fìríìjì. Ó rí agolo tíì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kúnná, ó sì pọ́n díẹ̀ bí ìyẹ̀fun sóyà. Ó pò ó mọ́ ṣúgà, ó yí ìrẹsì nínú rẹ̀.

Mo jẹ márùn-ún. Èmi fúnra mi. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, sóyà Osaka tí ẹ mú wá yìí korò díẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ dára.”

Ó ní, “Sóyà Osaka wo? Inú fìríìjì yín ni mo ti bù ú.”

Ìyá rẹ gbé igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó ṣí fìríìjì, ó tì í. Ó ní, “Bàbá Kiichi, ẹ ti jẹ oko tán.”

Tomeno wò mí, ó wo ìyá rẹ, ó tún mú ọ̀kan nínú àwo. Ó ní nǹkan tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ ná, kò yẹ ká tún fi oúnjẹ ṣòfò. Ó ní bóyá bí mo bá lọ mí sí àwọn òdòdó náà lára, wọ́n lè so. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè bú u. Ní ọjọ́ kẹta, ìrì dídì bọ́. Ẹni tó ní agolo nílé, tirẹ̀ tó o nìkan. Mo lọ bá Nakai. Ẹnu ọ̀nà ni mo ṣì wà tó ti ní, “Tokuji, mo gbọ́ pé ó korò díẹ̀ ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ dára.” Gbogbo abúlé ló ti gbọ́. Ọmọdé ń sọ ọ́ fún mi lójú ọ̀nà títí di òní. Bí mo ṣe kúrò lọ́dọ̀ Nakai ni mo gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ. Wọ́n bi mí pé orúkọ ta ni kí wọ́n kọ. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ tí yóò tètè dé.

Ó wá ku èyí tí kò rọrùn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn mi láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, mo sì ya ìwé mẹ́rin kí n tó kọ èyí.

Chojuro ẹ̀bá kànga kò sí mọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó ni mo gé e. Nígbà tí ẹ̀ ń retí mi lọ́hùn-ún, ẹ̀bá kànga ni mo wà pẹ̀lú ayùn. Ọ̀sán ni, gbogbo èèyàn rí mi. Mo sọ fún ìyá rẹ pé igi náà ti gbó. Kò gbó. Ó so lọ́dún yẹn ju bó ti máa ń so lọ. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, n kò sì dá a lẹ́bi. Láti ìgbà náà, òdòdó Nakai ni mò ń tọrọ, èyí tí mo jẹ pẹ̀lú ṣúgà yẹn náà, títọrọ ni mo tọrọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ọ pé mi ò nílò nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni.

Ìbínú kò da nǹkan, wọ́n sọ ọ́ fún mi láti kékeré. Mo bẹ̀ ọ́.

Mo tọ́ Niitaka wò. Mo jẹ èyí tó wà lórí pẹpẹ tán.

Bàbá rẹ,
Tokuji

Ó jókòó ti lẹ́tà yìí fún ọjọ́ mẹ́ta, Mitsugu. Má jẹ́ kó dúró pẹ́ kí o tó fèsì. Ìyá rẹ.


Arao
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún, 1968

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀wù bébà, mo mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Nígbà tí mo ka ibi ìrẹsì gígún, mo rẹ́rìn-ín débi pé Kinuyo sá jáde láti ilé ìdáná. Mo tún un kà fún un, òun náà jókòó sílẹ̀. Bàbá Matsunaga, tí kì í rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n yín Tomeno lè wá gbé lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí mo dé ibi igi, mo ká lẹ́tà, mo lọ sínú oko. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí gan-an. Ó ṣì ń dùn mí. Abẹ́ igi yẹn ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Ó yẹ kí n bínú, mo sì bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ̀wé.

Ṣùgbọ́n igi kọ́ ló dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ná kó má tún padà wá di ìbínú tèmi. Nígbà tí Kinuyo àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń dàgbà nílé yìí, wọ́n mọ̀ pé ọmọbìnrin tó bá ń lọ ilé ọkọ, bàbá rẹ̀ á jókòó síwájú àna, á sọ pé, ẹ gba ọmọ mi, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n Kinuyo rí i gbà. Èmi tí mo wọ ilé ẹlòmíràn, kò sí ẹni tó bá mi sọ ọ́. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé pẹ̀lú àpò kan, bí ẹni tó wá béèrè iṣẹ́. Wọ́n gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, wọn kò ṣe mí ní nǹkan kan. Síbẹ̀, títí di òní, tí mo bá bó náṣì níwájú Bàbá Matsunaga, ọwọ́ mi kì í balẹ̀, bí ọwọ́ àlejò.

Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà tí èso bá dúró. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n gbó.

Mo ti dárí jì yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Mitsugu


Togo, Tottori
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, 1968

Sí Ọ̀gbẹ́ni Matsunaga Gohei,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ kú ooru. Ẹ kò tíì rí mi rí, ẹ̀bi mi sì ni. Èmi ni Ikuta Tokuji, ẹni tó jẹ lẹ́búlẹ́bú.

Àpótí tó tẹ̀ lé ìwé yìí, èso tọdún yìí ni. Nílé wa, bíi nílé gbogbo àgbẹ̀, èyí tó bá fara pa la máa ń jẹ, èyí tó dára ń lọ sí ọjà. Nínú àpótí yìí kò sí ẹyọ kan tó fara pa. Ìyá Mitsugu ṣà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún wọn ṣà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi tútù, ṣùgbọ́n kó má pẹ́ jù, ẹnu kò ní gbọ́ òórùn wọn mọ́. Láti ọdún mẹ́rìndínlógójì, mi ò tíì ká tó báyìí rí. Nakai pẹ̀lú ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gé wọn, ẹ ó rí kóró dúdú nínú ọkàn wọn, èyí tí lẹ́búlẹ́bú yín bí. Ìyẹn nìkan ló fi jọ tiyín, ìyókù Nijisseiki ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ohun tó mú mi kọ̀wé kì í ṣe náṣì. Nǹkan kan wà tó yẹ kí n ti sọ níwájú yín láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí mi ò wá. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ìyá Mitsugu bóyá ó ti pẹ́ jù. Ó ní kí n kọ ọ́ kí òun wò ó. Ó ti wò ó.

Èmi Ikuta Tokuji àti Hisano ìyàwó mi, a fa ọmọ wa Mitsugu lé yín lọ́wọ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wa.

Mo gbọ́dọ̀ sọ àléébù rẹ̀ fún yín, bí bàbá ti í ṣe, kí ẹ má baà sọ pé a ta ọjà bàjẹ́ fún yín. Tó bá ń gé ẹ̀ka, ó máa ń gé e jù, ẹ dúró tì í. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kó tó mu tíì. Yóò sọ fún yín pé òun ti yó nígbà tí kò tíì yó. Ó lórí kunkun, èyí sì jẹ́ ti ìdílé, mi ò ní sọ ìhà ibi tó ti wá. Láti kékeré, tí ìjì oṣù Kẹsàn-án bá ń bọ̀, tí èso ṣì wà lórí igi, kì í sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Kì í ṣe ìbínú, ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ kàn jókòó sí tòsí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lára òdòdó ju tèmi lọ. Mi ò sọ èyí fún un rí, ẹ bá mi sọ ọ́.

A óò wọ ọkọ̀ ojú irin tí yóò dé Arao ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá. Tomeno gbọ́, ó sì ní òun ń bá wa bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ ti fìríìjì yín pa.

Orúkọ yín ló ń jẹ́, oko yín ló ń ṣe, ọmọ yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ku díẹ̀ fún mi.

Ikuta Tokuji